Ní Ti Ẹ̀rọ Àlòkù àti Ìdákẹ́ Ẹni tí Ń Tà Á

Ẹni tí ó bá ti Ṣàgámù gba Ìpẹru lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, bí ó bá fi ara balẹ̀ wo ẹ̀bá ọ̀nà àti ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé, yóò rí wọn: mọ́tò tí koríko ti hù jáde ní ojú fèrèsé rẹ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ tí adìyẹ ń yé sí, katakata tí a ti yọ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe pé ẹnì kan fi ayọ̀ mú un wọ ìlú ní ọjọ́ kan. Àwọn ọmọdé sáré tẹ̀lé e, àwọn aládùúgbò wá bá olówó rẹ̀ yọ̀, a sì ránṣẹ́ pe olùkọ́ ìjọ láti wá gbàdúrà sí i. Àwa náà ti gbàdúrà sí púpọ̀ nínú wọn. Bí a bá ń kọjá lẹ́bàá wọn nísinsìnyí, a máa ń wo apá kejì ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ti bí a ti í ra ẹ̀rọ àlòkù láìfarapa. Àwọn mẹkáníìkì mọ èyíinì jù wá lọ. Ìbéèrè kan ni ó wà ní ọkàn wa, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ẹni tí a ti rẹ́ jẹ, tí a ta ohun tí kò dára fún ní iye ohun rere, ó ha lè ta ohun náà fún ẹlòmíràn kí ó sì dákẹ́? A kò wí pé kí ó parọ́. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Kristẹni tòótọ́ yóò dáhùn pé, bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Àwa náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí níwájú ìgbìmọ̀ kan, a kò sì lè gbàgbé ọjọ́ náà.

Kí a tó sọ ti ara wa, ó tọ́ kí a kọ́kọ́ gbèjà ẹni tí ń ra àlòkù. Àwọn kan a máa fi í ṣẹ̀sín, wọn a ní ojúkòkòrò ni ó kó bá a. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí kì í ṣe òtítọ́. Olùkọ́ ilé-ìwé tí ó bá fẹ́ fi owó oṣù rẹ̀ ra ọkọ̀ titun yóò fẹ̀yìntì kí owó náà tó pé. Àgbẹ̀ tí ó ní éékà 10 kò lè ra katakata tí ẹnikẹ́ni kò tíì gùn rí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà kí ó máa wá iye ara rẹ̀ ní ọjà owó, ohun tí ó ṣòro tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a kò dá lábàá mọ́. Àlòkù ni ó kù. A ń pè é ní Tòkunbọ̀, èyí tí í ṣe orúkọ tí àwọn baba wa ń sọ ọmọ tí a bí ní òkè òkun tí a sì mú bọ̀ wá sílé. Tòkunbọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ìjọ tí a ń tọ́jú, ènìyàn rere ni wọ́n, a sì ń káàánú wọn nítorí ohun tí a fi orúkọ wọn ṣe.

Òwò náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2020, ó sì fi hàn pé láàárín ọdún 2015 àti 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni ó jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn, àti pé Áfíríkà ni ó gba apá tí ó pọ̀ jùlọ. Ní ọdún yìí kan náà, àwọn aṣojú ìjọba Netherlands yẹ àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Áfíríkà wò ní èbúté wọn. Wọ́n rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé ẹ̀rí mọ́ pé ó yẹ fún ojú ọ̀nà. Àwọn kan sì wà tí a ti yọ ẹ̀yà tí ń sẹ́ èéfín wọn kúrò lára wọn, a ti tà á lọ́tọ̀. Láti èbúté Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn ti ń gba ẹnu ibodè wọ ilẹ̀ wa. Ìjọba fi òfin dè é pé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Ó tilẹ̀ ti ibodè pa pátápátá láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Síbẹ̀ àwọn ọ̀nà inú igbó kò sùn.

Ẹ jẹ́ kí a ro iye ọwọ́ tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá kí ó tó dé Rẹ́mọ: ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín, ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi, oníṣòwò Kútọnu, ẹni tí ó wà á gba inú igbó, alágbàtà tí ó tún un kùn ní ọ̀dà, àti àbúrò alágbàtà tí ó mú un dé iwájú ilé wa. Olúkúlùkù wọn ni ó mọ ohun kan nípa rẹ̀. Olúkúlùkù wọn ni ó sì dákẹ́.

Nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 14, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí kò lè wá sí àsè nítorí pé ó ti ra àjàgà màlúù márùn-ún, ó sì ń lọ dán wọn wò. A ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí àwáwí rẹ̀, àwa pàápàá sì ti wàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ arúgbó kan nínú kíláàsì Bíbélì wa ni ó kọ́kọ́ da ọkàn wa láàmú lórí rẹ̀. Ó ní, “Màlúù mẹ́wàá! Katakata ayé ọjọ́un ni. Ó sì ti san owó kí ó tó lọ dán wọn wò?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, bàbá náà tún béèrè pé, “Ta ni ó tà wọ́n fún un?” Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn. Ó jọ wá lójú pé láti ìgbà tí a ti ń ka ìtàn náà, ẹni tí ó rà ni a ń bá wí, a kò sì bi ara wa rí bí ẹni tí ó tà bá sọ bí wọ́n ti rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀wé ni ó ń fa irú àbámọ̀ yìí. Ní ọdún 1946, Frank Samuel, ọ̀gá kan nínú ilé-iṣẹ́ U.A.C. tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáradára, mú ìmọ̀ràn tọ ìjọba Ìlú Ọba lọ pé kí a gbin ẹ̀pà sí Tanganyika, ilẹ̀ tí ó wà nínú Tanzania lónìí, nítorí pé òróró ṣọ̀wọ́n ní ìlú wọn lẹ́yìn ogun. Éékà tí wọ́n fẹ́ ro ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ. Kò sí katakata titun tí ó pọ̀ tó láti rà ní àkókò náà. Nítorí náà wọ́n ra èyí tí àwọn ọmọ ogun ti lò tán, púpọ̀ láti erékùṣù Philippines, wọ́n tilẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun onírin di katakata. Ilẹ̀ Kongwa le, gbòǹgbò igi rẹ̀ yi bí okùn, àwọn ẹ̀rọ náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹ̀yà tí a ó fi tún wọn ṣe. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1951, ìjọba pa gbogbo rẹ̀ tì, nǹkan bí mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn sì ti wọlẹ̀ lọ. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan tí a fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní Mokwa ní ilẹ̀ tiwa ní ọdún 1949 kò rí ọdún 1955. Ìyàtọ̀ kan ṣáà ni ó wà: nígbà tí ìjọba bá ṣe irú àṣìṣe yìí, Ilé Aṣòfin a jókòó lé e lórí, nígbà tí àgbẹ̀ bá ṣe é, abẹ́ igi máńgòrò ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé.

Ọ̀rọ̀ tiwa ni ó kàn. Ní ọdún 2018, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nínú ìjọ kan tí a ń tọ́jú nígbà náà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ pinnu láti ra katakata kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè máa lò ó, kí a sì máa fi í gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwa ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà. Owó tí a dá ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ. Owó obì wà nínú rẹ̀, owó ajẹmọ́nú àwọn olùkọ́ wà nínú rẹ̀, owó gààrí àwọn opó sì wà nínú rẹ̀. Pupa ni ẹ̀rọ náà, ọ̀dà rẹ̀ ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi wo ojú. Ẹni tí ó tà á jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú wa. A ní kí a mú mẹkáníìkì wá. Ó dáhùn pé òun mọ ẹnì kan tí ó dáńgájíá nítòsí, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó gbọ́n jù wá lọ ti rẹ́rìn-ín ní ibí yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Éékà 11 ni ó ro. Lẹ́yìn èyí, apá tí ó ń gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè kọ̀ láti gbéra. A tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí yọ èéfín funfun, nígbà tí a sì yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì rẹ̀, ọ́ìlì náà ti funfun, ó dàbí ẹ̀kọ. Mẹkáníìkì kan láti Ṣàgámù, ẹni tí àwa fúnra wa wá rí, ni ó tú u. Ó pè wá kí a wá fi ojú wa rí i. Orí ẹ́ńjìnì náà ti là, omi sì ń ti ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì. Kì í ṣe àná ni ó là. A ti fi àtè irin dí i, a fi páálí yún un títí ó fi dán, a sì da ọ́ìlì tí ó ki gan-an sínú rẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má baà jáde. Ohun tí ó ká wa lára ju owó lọ nìyí. Ẹnì kan ti jókòó lórí àpótí, ó ti po àtè, ó sì ti fi sùúrù tẹ́ ẹ síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ ìdí tí òun fi ń ṣe é. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí ó fún wa kò wọlé mọ́.

Orí ẹ́ńjìnì mìíràn wọ́n jù fún wa. Kí ni a ṣe? A ní kí mẹkáníìkì náà tún fi àtè dí i.

Nígbà náà ni ìgbìmọ̀ jókòó. Alàgbà kan sọ̀rọ̀ dáradára, a kò sì lè wí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó ní a kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí; àwa ni a rẹ́ jẹ. Owó àwọn opó ni ó wà nínú irin yìí, ojúṣe wa sì ni láti gbà á padà fún wọn. Kí a ta ẹ̀rọ náà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á la ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó la tiwa fún wa. Ìyá kan dáhùn ní igun yàrá, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi owó gààrí sí i. Ó ní, “Owó mi ni mo fẹ́ gbà padà, mo sì fẹ́ ẹ gidigidi. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ mí ní gbèsè.” Ìjókòó náà pa lọ́lọ́. Gbogbo ojú sì yí sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé àwa ni a mọ Ìwé Mímọ́.

A wá ọ̀nà àárín. A ní kí a tà á bí ó ti rí. Bí ẹni tí ń rà á bá béèrè, a ó sọ òtítọ́ gbogbo fún un, a kì yóò fi ohun kan pamọ́. Bí kò bá sì béèrè, kò di dandan kí a sọ. Inú gbogbo ìgbìmọ̀ dùn. A fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé: “kí a ta katakata náà bí ó ti rí.” Gbólóhùn náà mọ́ lójú wa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti ìlú kan tí ó wà lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́. Ó wo táyà rẹ̀, ó gùn ún, ó gbé e yí pápá ilé-ìwé po. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bàbá, ṣé ìjọ ni ó ń lò ó?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo kọ́là funfun tí ó wà ní ọrùn wa, ó sì pa ìdérí ẹ́ńjìnì náà dé láìwo inú rẹ̀. Nígbà tí ó san owó tán, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí a gbàdúrà fún òun. A gbàdúrà fún un.

Ní ọdún kejì sí èyí ni a ka ohun tí Cicero, ará Róòmù, kọ sí ọmọ rẹ̀ ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Olúwa wa, nípa ojúṣe ènìyàn. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ bí àwọn olùkọ́ Gíríìkì méjì ṣe jiyàn: Diogenes ará Bábílónì, àti Antipater tí í ṣe ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn dá lórí ẹni tí ó fẹ́ ta ilé kan tí òun nìkan mọ̀ pé kò dára: àìsàn ń bẹ nínú rẹ̀, ejò ń jáde ní gbogbo yàrá, igi àjà rẹ̀ sì ti jẹrà. Diogenes ní bí òfin kò bá ti ní kí ó sọ, kò jẹ̀bi. Kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni rà á. Ọ̀tọ̀ ni kí a fi nǹkan pamọ́, ọ̀tọ̀ sì ni kí a má sọ ọ́. Antipater dáhùn pé ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ sáré wọ inú àṣìṣe burú ju ẹni tí kò fi ọ̀nà han àjèjì tí ó ṣìnà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ní Áténì a máa ń fi ẹni tí kò fi ọ̀nà han àjèjì gégùn-ún ní gbangba. Cicero gbè sẹ́yìn Antipater. Nígbà tí a kà á dé ibẹ̀, a pa ìwé náà dé fún ìgbà díẹ̀. Diogenes ni ó jókòó ní ipò akọ̀wé nínú ìgbìmọ̀ wa. Antipater sì ń ta gààrí.

A kò fẹ́ ṣe àìṣòdodo sí Diogenes. Kò lè jẹ́ pé ẹni tí ń ta ata gbọ́dọ̀ máa pariwo pé ata òun ti ń rọ. Ojú wà, ọwọ́ sì wà, kí olùrà wò ó. Òfin títà ọjà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, tí ó sì di tiwa náà, fara mọ́ èyí: ẹni tí ó ti yẹ ọjà wò kò lè ṣàròyé àbùkù tí ó yẹ kí ó ti hàn sí i nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní ilẹ̀ wa tẹ̀ síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí ẹni tí ń ta ohun àlòkù tàbí ohun tí a tún ṣe fi í hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí katakata abúlé? Kì í ṣe ibi tí òfin dé ni ọ̀ràn wa dé. Bí ó bá jẹ́ pé iye irin lásán ni a ta ẹ̀rọ náà, ìdákẹ́ wa ì bá jẹ́ ìdákẹ́ nítòótọ́, nítorí iye owó náà ì bá ti sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ní etí. Ṣùgbọ́n iye tí a ń ta ẹ̀rọ tí ó dá ṣáṣá ni a gbà. Owó náà ti wí pé ó dára. Ọ̀dà náà ti wí bẹ́ẹ̀. Kọ́là ọrùn wa sì ti jẹ́rìí sí i. Ẹni tí a kò mọ̀ rí lè dákẹ́ kí ìdákẹ́ rẹ̀ má túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹni tí a fọkàn tán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdákẹ́ tirẹ̀ ni a ń gbọ́ bí ẹ̀rí.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà, George Akerlof, ẹni tí ó kọ̀wé lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù ní ọdún 1970. Àwọn ìwé àtẹ̀jáde àwọn ọ̀mọ̀wé kọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọ̀kan tó gbà á. Ní ọdún 2001 ni ó gba ẹ̀bùn Nobel, òun àti àwọn méjì mìíràn. Ohun tí ó wí nìyí, bí a bá fi èdè tiwa sọ ọ́. Níbi tí olùrà kò ti lè mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára, yóò san iye tí ó wà ní àárín fún gbogbo wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára yóò rí i pé iye náà kéré, yóò sì mú ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Èyí tí kò dára ni yóò kù ní ọjà. Iye yóò tún lọ sílẹ̀, àwọn tí ó sàn díẹ̀ yóò tún lọ, títí tí ọjà náà yóò fi bàjẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn baba wa mọ ìrora yìí kí a tó bí Akerlof, nítorí wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké.

Síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo ọjà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo òwò obì ní Ṣàgámù. Abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni èyí tí kòkòrò ti jẹ lè farapamọ́ sí, ewé sì bò ó. Kò sí ohun tí ó rọrùn tó láti fi obì rẹ́ ni jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn Hausa tí ń kó o lọ sí òkè ọya àti àwọn ìyá tí ń tà á fún wọn ti jọ ń ná an láti ìgbà àwọn ìyá wọn àgbà. Ẹni tí ó bá fi kòkòrò sí abẹ́ apẹ̀rẹ̀ lónìí ni yóò pàdé oníbàárà rẹ̀ ní ọjà tí ń bọ̀. Ní ti katakata, a kì í tún pàdé. Ìdí tí a fi rò pé a lè dákẹ́ nìyẹn, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ inú wa: a rò pé a kì yóò tún rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mọ́.

Olùrà náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, Ìwé Òwe orí 20 sì ti mẹ́nu bà á: ẹni tí ó ń bú ọjà títí a fi dín in kù fún un, tí ó sì ń lọ yangàn lẹ́yìn. A ti rí ẹni tí ó mọ̀ pé ìyàwó ẹni tí ń ta mọ́tò wà ní ilé ìwòsàn, tí ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu mọ́tò rere nítorí rẹ̀. A ó sọ ti ìyẹn ní ọjọ́ mìíràn.

Ohun kan ṣì wà tí ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Katakata tí kò ṣiṣẹ́ a máa ba àpò jẹ́ ni. Kì í sáábà pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1978 tí a ti ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tí ó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ kọjá, àwa ni a ń sin òkú rẹ̀. Ẹni tí ó ta bọ́ọ̀sì tí bíréèkì rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, tí ó sì dákẹ́, rò pé àárín òun àti olùrà ni ọ̀rọ̀ náà mọ. Àwọn èrò 14 tí yóò wọ̀ ọ́ ní Ṣàgámù kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń nájà. Kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ààyè láti béèrè ohunkóhun.

Ní oṣù kejì lẹ́yìn tí a ta katakata náà, ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi kan, a rí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó kọ orin, ó kúnlẹ̀ nígbà tí a kúnlẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó dọ̀bálẹ̀ fún wa gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò pariwo. Ó ní, “Bàbá, ìbéèrè kan wà tí n kò bi yín ní ọjọ́ náà. Bí mo bá bi yín, ṣé ẹ̀ bá ti sọ fún mi?” A ní a bá ti sọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wí pé, “Ta ni ì bá kọ́ mi ní ìbéèrè náà, Bàbá?”

Ìgbà mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ jókòó lórí rẹ̀. A ti pín owó náà. Àwọn kan ti fi san owó ilé-ìwé. Ìyá onígààrí ni ó kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá, ní etí aṣọ rẹ̀ ni ó dì í sí. A fi tiwa lé e díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù wa, fún oṣù 16. Ẹbí méjì fi ìjọ náà sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Alàgbà tí ó sọ̀rọ̀ dáradára nì kò mú tirẹ̀ wá. Ó wà ní ìjókòó kẹta títí a fi kúrò níbẹ̀, a sì ń kí ara wa. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì owó náà tí a rí dá padà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò ta ẹ̀rọ náà fún àgbẹ̀ mìíràn. Ó gbé e lọ sí Ògijo, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ àjákù irin, wọ́n sì gbé e sórí ìwọ̀n. Ó mú ìwé ìwọ̀n náà wá hàn wá, ó sì fi í sílẹ̀ fún wa. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ní ojú ewé tí ó kọjú sí èyí tí a kọ “bí ó ti rí” sí.